Ẹ Bi Wá, Ká Wí fún Yín: Àwọn Ayinàgbá Kéékèèké

Ọ̀rọ̀ àgbá ogun àti àwọn ère kéékèèké tó ń yìn ín ló gba ojú ewé wa lóṣù yìí. Àwọn lẹ́tà tó jọra, a dà wọ́n pọ̀. Èyí tó gùn, a gé e kúrú. Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú: ẹnu àgbá ni ibi tí ọta ń gbà jáde, ìdí àgbá ni ẹ̀yìn rẹ̀, ìrù ni igi gígùn tó fi kẹ̀kẹ́ àgbá tilẹ̀ lẹ́yìn, férémù sì ni ọ̀pá tí wọ́n so àwọn ère mọ́ nínú páálí. Ìwọ̀n 1/72 túmọ̀ sí pé 72 mm lára ohun gidi di 1 mm lára ère.

Ọ̀dà ń ṣí bí èèpo ẹyin

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra páálí ayinàgbá kan, ìwọ̀n 1/72, ti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Mo kùn wọ́n, wọ́n dùn ún wò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, pàápàá lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki àgbá. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi ni? (Òǹkàwé, Ọ̀fà)*

Ẹ má wulẹ̀ padà lọ bá ọlọ́dà jà, ọ̀dà kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ère náà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ère 1/72, polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹbí kan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi. Ta ló ti kun kẹ́ẹ̀gì rí tí ọ̀dà rẹ̀ dúró? Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ìda, ọ̀dà kì í rí ibi dì mú. Ó tún máa ń tẹ̀. Bí ọ̀pá tàbí idà bá ti tẹ̀, ọ̀dà tó ti gan lára rẹ̀ kò lè bá a tẹ̀, sísán ló máa sán.

Bí ẹ kò bá mọ irú rọ́bà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gé férémù díẹ̀, kó gùn tó èékánná, ẹ kán ọṣẹ ìfọwo sínú ife omi kan, kí ẹ wá tẹ ègé náà rì sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò. Ẹ fi í sílẹ̀. Polyethylene á léfòó. Polystyrene, ike líle tí àwọn iléeṣẹ́ bíi Perry àti Victrix fi ń ṣe ère 28 mm tiwọn, á rì. Èyí tó bá rì tó sì tún rọ̀ bí sílípáàsì, PVC ni.

Fún polyethylene, kí ẹ tó gé ère kúrò lára férémù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, nítorí òróró tí wọ́n fi ń yọ ère nínú mọ́ọ̀dì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ṣàn án, kó gbẹ mọ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ wá ohun tí yóò ṣe ìpìlẹ̀ fún ọ̀dà. Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n ń fín sára bọ́ńpà kí ọ̀dà lè mú un. Rọ́bà ni bọ́ńpà náà. Ohun tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ á ṣiṣẹ́ lára ère. Ẹ fi bí 25 cm jìnnà, ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà kejì kò náni lówó púpọ̀: gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, ìwọ̀n méjì sí omi ìwọ̀n kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ tínínrín. Bí ó bá ń kó ara rẹ̀ jọ bí omi lórí ewé kókò, òróró kò tíì tán lára ère, ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn bí wákàtí méjìlá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á ti bò ó, awọ tó lè bá ère tẹ̀ nígbà tí ère bá tẹ̀. Orí awọ yìí ni kí ẹ kun ọ̀dà akírílíìkì sí, tínínrín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má kùn ún lẹ́ẹ̀kan kó ki. Ọ̀dà olóòróró tí a fi ń kun ilẹ̀kùn kò yẹ fún un: ó máa ń bo bọ́tìnì àti imú ère mọ́lẹ̀.

Ní ti ọ̀pá ìkì yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá fi kùn ún, yóò pàpà ṣí. Ẹ gé e dànù. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ta ló dúró síbo?

*Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Nínú páálí tèmi, ọkùnrin mẹ́ta ló mú ọ̀pá ìkì lọ́wọ́, ẹnì kan ń nàka, ẹnì kan ń fa okùn. Kò sẹ́ni tó gbé ọta. Mo tò wọ́n yí àgbá Napoleon ká. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣe sójà wò ó, ó ní àwọn wọ̀nyí máa pa ara wọn. Kí ló rí? (Òmù-Àrán)*

Ẹ̀gbọ́n yín ríran. Àgbá tó wà níwájú yín yẹn, 12-pounder Napoleon (ìyẹn ni pé ọta rẹ̀ tó pọ́n-ùn méjìlá), ẹ̀yà 1857, idẹ ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 117 mm, ẹnu náà ni wọ́n sì ń gbà ki í, bí ọdẹ ṣe ń ki ṣakabùlà. Ẹni mẹ́jọ ló ní nọ́ńbà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá kan tó ń fojú sun ún.

Ẹ dúró sẹ́yìn àgbá, kí ẹ kọjú sí ibi tó kọjú sí. Nọ́ńbà 1 wà lọ́tùn-ún ẹnu àgbá: òun ló ni ọ̀pá ìkì, tí kànìnkànìn wà ní orí rẹ̀ kejì. Nọ́ńbà 2 wà lósì ẹnu àgbá, òun ló ń ti ọta bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà 3 wà lọ́tùn-ún ìdí àgbá, nọ́ńbà 4 wà lósì rẹ̀, òun ló sì ń fa okùn tó ń mú iná wọlé. Nọ́ńbà 5 ń lọ ń bọ̀ láàárín àgbá àti àpótí ọta. 6 àti 7 kò kúrò nídìí àpótí yẹn. 8 wà nídìí kẹ̀kẹ́ àpótí kejì lẹ́yìn pátápátá. Àgbá kan, ọ̀pá ìkì kan. Ọkùnrin mẹ́ta tó gbé ọ̀pá mẹ́ta, àgbá mẹ́ta ni wọ́n ń wá.

Ẹni tí àwọn tó ń ṣe ère kì í sábà rántí ni nọ́ńbà 3, bẹ́ẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ ni ẹ̀mí nọ́ńbà 1 so rọ̀ sí. Bí wọ́n bá yin àgbá tán, àjákù àpò ẹ̀tù tó ṣì ń jó lè ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 1 á ti kànìnkànìn tútù wọlé láti pa á. Ní gbogbo àsìkò tí ọ̀pá bá wà nínú àgbá, nọ́ńbà 3 ti wọ ìbọ̀ aláwọ sí àtàǹpàkò, ó sì fi dí ihò iná tó wà lókè ìdí àgbá pa. Bó bá ká ọwọ́ kúrò, afẹ́fẹ́ á gba ihò yẹn kọjá, á sì fẹ́ ẹyinná tó kù nínú lọ́hùn-ún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àpò ẹ̀tù tuntun á gbiná lójijì, ọ̀pá á fò jáde, apá nọ́ńbà 1 lè bá a lọ. Ẹni bá ti rí ṣakabùlà tó yìn nígbà tí wọ́n ṣì ń kì í kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ọkùnrin tó ń nàka yẹn, ẹ fi ṣe nọ́ńbà 3. Ẹ ti apá rẹ̀ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ á fi ba ìdí àgbá, kí ẹ tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀ kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ fi abẹ gé ìka tó nà, ẹ ṣẹ́ àtàǹpàkò kù. Ọ̀dà dúdú bíńtín lórí àtàǹpàkò yẹn, ìbọ̀ aláwọ dé nìyẹn.

Ohun kejì tí ẹ̀gbọ́n yín rí, a fura pé ibi tí wọ́n dúró sí ni. Ẹ yan ìgbà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ìgbà ìkì, 1 àti 2 wà nídìí ẹnu àgbá, 3 ti dí ihò, 5 ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọta. Bó bá jẹ́ ìgbà ìfojúsùn, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí ìdí àgbá, nọ́ńbà 3 sì ti lọ sídìí ìrù láti fi ọ̀pá ìtì yí i sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀gá bá ṣe júwe. Ọ̀pá ìkì kò gbọdọ̀ sí nínú àgbá mọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà yíyìn, 1 àti 2 ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ níta, wọ́n tẹ ara kúrò. Nọ́ńbà 4 ti na okùn le. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́yìn ìrù. Àgbá ayé ìgbà yẹn kò ní sípíríǹgì kankan. Bó bá ti dún, tòun ti kẹ̀kẹ́ ló ń ta sẹ́yìn, idẹ rẹ̀ nìkan sì wúwo tó 557 kg. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ ń rí lẹ́yìn páálí ló da ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọ̀kan ń kì í, ọ̀kan ń fojú sun ún, ọ̀kan ń fa okùn. Ìyẹn ló ń pa èèyàn.

Lára àwọn ọlọ́pàá ìkì mẹ́ta yẹn (ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pá la wí), ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bí nọ́ńbà 1. Ẹ gé ọ̀pá ọwọ́ ìkejì, ẹ fi pépà gé àpò 4 mm sí 5 mm, ẹ gbé e kọ́ ọ léjìká: nọ́ńbà 5 nìyẹn, inú àpò aláwọ ló ń gbé ọta wá kí iná má baà ta sí i. Ọ̀pá ẹnì kẹta, ẹ dín in kù kó má ju 20 mm lọ, ó ti di ọ̀pá ìtì.

Ẹ tún wọn ọ̀pá ìkì fúnra rẹ̀. Ihò inú Napoleon jìn tó 1,615 mm. Ní 1/72, ìyẹn ju 22 mm lọ díẹ̀. Ọ̀pá tí kò bá tó 28 mm kò lè kan ìdí kí ọwọ́ tó dì í mú sì tún wà níta. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kí ẹ rí i. Ti inú páálí sábà máa ń kúrú. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àgbá náà ga tó 1,448 mm, ó yẹ kó jẹ́ 20 mm lọ́wọ́ yín. Láti ìparí ọ̀pá ìtì dé orí ẹṣin tó síwájú nínú àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ àpótí ọta, mítà márùn-ún àbọ̀ ni ìlànà wọn, ìyẹn 76 mm. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí pákó kan pẹ̀lú ẹṣin mẹ́fà, pákó náà kò ní kéré sí 30 cm.

Òkìtì ọta róbótó bí ọsàn tí àwọn kan ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ńkọ́? Odi ìlú àti ọkọ̀ ojú omi ló ni ìyẹn. Lójú ogun, ọta Napoleon ti so pọ̀ mọ́ àpò ẹ̀tù rẹ̀, inú àpótí ló wà, ìdérí àpótí sì wà ní pípadé.

Ọ̀pá ìkì tuntun, àti gọ́ọ̀mù tí kò mú

*Mo fi super glue lẹ apá ère mọ́ ọn, ó já. Mo fi gọ́ọ̀mù ike tó wà fún mọ́dẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ mú rárá. Kí ni kí n ṣe? (Táńkẹ̀, Ìlọrin)*

Gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́ẹ̀lì ń yọ́ polystyrene kí ojú méjèèjì lè wọnú ara wọn. Kò lè yọ́ polyethylene, nítorí náà kò sóhun tó máa ṣe fún un. Super glue á mú u fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ báyìí, ó já. Ohun tí ẹ nílò ni ìṣó kékeré kan nínú ẹran ara rẹ̀.

Ẹ tú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ara rọ́tà sí kọ̀ǹpútà. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, bàbà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.5 mm. Ẹ ṣọ́ èyí tí wọ́n fi ayédèrú ṣe: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kán. Ẹ fi abẹ ha á, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ wá òmíràn. Ẹ lu ihò 0.5 mm sí èjìká ère, kó jìn tó 3 mm, kí ẹ lu ojúgbà rẹ̀ sí apá. Bí ẹ kò bá ní díríìlì ọwọ́, abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ẹ fi ẹ̀mú di mú sórí iná àbẹ́là á ṣe é, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pọ́n, kí rọ́bà má baà yọ́ kọjá ihò. Ẹ gé wáyà 5 mm, ẹ kán super glue ẹyọ kan sí i, ẹ tì í wọlé, kí ẹ ti apá bọ̀ ọ́. Wáyà ló ń gbé ẹrù. Gọ́ọ̀mù kàn ń mú kó má yí ni.

Fún ọ̀pá ìkì, ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ kan. Ìdí rẹ̀ ki jù, ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín jù. Àárín rẹ̀, níbi tó ti tó 0.6 sí 0.7 mm, lẹ ń wá. Ẹ gé 30 mm. Ìgbálẹ̀ ju wáyà lọ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé kì í wọ́, ó sì ti ní àwọ̀ igi kí ẹ tó kùn ún. Ẹ gé ọ̀pá rọ́bà kúrò ní ọwọ́ ère méjèèjì, ẹ lu ọwọ́ náà jáde, ẹ ki ìgbálẹ̀ kọjá. Fún orí ìkì, ẹ wé ìlà pépà tó fẹ̀ tó 2 mm mọ́ ọn títí á fi ki tó 1.5 mm, fún kànìnkànìn ní orí kejì, ẹ fi òwú ìránṣọ wé e, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun pa á, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tú u díẹ̀ kó rí bí irun àgùntàn. Kó má ju 1.6 mm lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọ ẹnu àgbá.

Ó tẹ̀ nínú mọ́tò

*Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá mi gbàgbé páálí mi sínú mọ́tò nínú oòrùn. Gbogbo ìbọn àti idà wọn ti wọ́. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn sà? (Ọmọ ilé ìwé girama, Ajásẹ́-Ìpo)*

Wọn ò bàjẹ́, má sunkún. Bẹ àgbà kan nílé kó bá ọ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú abọ́. Fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ ère mú, rì í síbẹ̀ kí o ka ení títí dé ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́pọ̀ ìgbà, á na ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá nà tán, fi ìka tọ́ ọ, kí o sọ ọ́ sínú omi oní-yìnyín. Má ṣe é fún èyí tí o ti kùn. Bó bá sì jẹ́ ike líle ni, má tì í bọ omi gbígbóná rárá, á wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlọrin, 1897

*Ẹ kú làákàyè o. Mo fẹ́ fi ère ṣe ogun tí Royal Niger Company gbé wá bá Ìlọrin. Mi ò rí páálí rẹ̀ rà níbikíbi. Ṣé àgbá Napoleon yẹn ò lè dúró fún tiwọn? (Ìpàta, Ìlọrin)*

Kò lè ṣe é. Bí ẹni fi tírélà dípò Kẹ̀kẹ́ Máàrúwá ni. Nígbà tí ogun Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, ṣẹ́gun Bida ní January 1897 tó sì dé Ìlọrin ní February, lára àgbá tí wọ́n kó wá ni 7-pounder tí wọ́n ń gba ẹnu ki, àgbá orí òkè tí wọ́n lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì rù. Ẹnu rẹ̀ kò ju 76 mm lọ, ìyẹn 1 mm géérégé lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yà rẹ̀ kẹrin, irin tí wọ́n fi ṣe é wúwo tó 91 kg. Ẹ fi wé 557 kg ti Napoleon. Inú rẹ̀ ní ipa mẹ́ta tó ń yí ọta po, ọta rẹ̀ sì ní kókó lára tó ń wọ ipa náà. Kò sí ọta róbótó níbẹ̀ rárá.

Ẹ fi ọ̀pá lólípọ́ọ̀pù oníke ṣe é. Ẹ wá fọ́tò àgbá náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wọn ẹnu rẹ̀ lórí fọ́tò, kí ẹ mọ̀ pé 76 mm nìyẹn. Gbogbo ìyókù lẹ ó ṣírò látorí rẹ̀, kí ẹ wá fi 72 pín in. Ẹ fi sánpépà dín iwájú kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i lọ́wọ́, ẹ lu ẹnu rẹ̀ ní 1 mm. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an sí ti Napoleon. Ẹ má fi ẹsẹ̀ 20 mm yẹn sí i. Àwọn Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta, náà wà níbẹ̀, ẹ sì lè rí wọn nínú páálí ogun ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà náà. Ẹni tó ń kì í àti ẹni tó ń fa okùn nínú páálí Amẹ́ríkà á wúlò fún yín ní ti ìdúró, orí àti aṣọ ni kí ẹ pààrọ̀.

Ẹṣin ni agbára Ìlọrin, ẹ̀yin náà mọ̀. Kò sí iṣẹ́ yìí láìsí wọn. Páálí àwọn Bedouin ti iléeṣẹ́ Airfix àti ti àwọn ọmọ ogun Mahdi ní Sudan á fún yín ní ẹṣin àti ẹni tó gùn ún, ṣùgbọ́n aṣọ wọn kì í ṣe agbádá. Ẹ ṣe agbádá báyìí. Ẹ bó tíṣù sí ewé kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ewé kan péré, ẹ gé e kó jẹ́ 12 mm ní ẹ̀gbẹ́ kan, 30 mm ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi abẹ la àárín rẹ̀ fún orí. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi dọ́gbadọ́gba. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ère lọ́rùn ní gbígbẹ, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kán gọ́ọ̀mù sí i; ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́, lọ́wọ́ ni yóò já sí. Nígbà tó bá rọ̀ wọlé tán, ẹ fi igi ìtayín ká etí rẹ̀ sókè sórí èjìká, bí a ti ń ṣe é gan-an, ẹ sì fa ìlà ìṣẹ́po láti ọrùn sísàlẹ̀. Ẹ má tún un fọwọ́ kàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láwàní, ìlà tíṣù 2 mm tí ẹ lọ́ bí okùn, ẹ wé e lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó bá ń ṣe ogun Kamẹrúùnù ti 1914 sí 1916, àgbá 2.95-inch ni àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force lò níbẹ̀. Ìdí ni wọ́n ń gbà ki ìyẹn, nítorí náà ẹ má fi ọ̀pá ìkì sẹ́nu rẹ̀.

Àwọ̀ kẹ̀kẹ́

*Àwọ̀ wo ni kí n kun kẹ̀kẹ́ àgbá ìgbà Napoleon Bonaparte? (Èrìn-Ilé)*

Faransé, ewéko tó rẹ̀ bí ewé ólífì, irin ara rẹ̀ dúdú. Gẹ̀ẹ́sì, eérú. Austria, ìyeyè bí amọ̀. Rọ́ṣíà, ewéko. Prussia, aró tó ti ṣí. Idẹ àgbá kò gbọdọ̀ máa dán bí wúrà ìyàwó: ẹ po àwọ̀ idẹ mọ́ búráùn díẹ̀, kí ẹ fi dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ pa ẹnu àti ihò iná.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Ìtùfù orí igi ni wọ́n fi ń tanná sí àgbá nígbà Bonaparte. Okùn tí wọ́n ń fà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé. Bí ẹ bá yá ayinàgbá kan láti inú páálí Amẹ́ríkà wá síbí, ẹ gé okùn rẹ̀.

Ẹni mẹ́fà nídìí 25-pounder

*Mo ní 25-pounder ti ogun àgbáyé kejì. Ta ló jókòó, ta ló dúró? (Ìgbàjà)*

Nọ́ńbà 3 ló jókòó, lósì àgbá, níbi tí gíláàsì ìfojúsùn àti ọwọ́ ìyí wà. Nọ́ńbà 2 wà lọ́tùn-ún, òun ló ń ṣí ìdí àgbá tó sì ń tì í pa. Nọ́ńbà 4 ń gbé ọta wọlé. 5 àti 6 wà nídìí àwọn ọta. Nọ́ńbà 1, sájẹ́ǹtì wọn, wà lẹ́yìn nídìí ìrù. Ọta lọ́tọ̀, ẹ̀tù inú agolo idẹ lọ́tọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ ki ọta, kí agolo tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ère tó gbé ọta àti agolo rẹ̀ ní ìsopọ̀ bí ọta ìbọn, irọ́ ni, ẹ gé e sí méjì. Sípíríǹgì wà fún èyí, kì í ta sẹ́yìn bíi Napoleon, ẹ lè kó àwọn èèyàn mọ́ ọn. Ẹ gbé e sórí òrùka irin rẹ̀; òrùka yẹn ló ń jẹ́ kó yí po. Bí àwọn ère yín bá jẹ́ 1/72 tí àgbá sì jẹ́ ti Airfix 1/76, ọkùnrin 1.70 m á jẹ́ 23.6 mm dípò 22.4 mm. Nídìí kẹ̀kẹ́ kò hàn. Àmọ́ ẹni tó jókòó á ga ju pátákó ààbò lọ, ẹ ha ìdí rẹ̀ kù ní 1 mm.

Fánísì funfun, àti ilẹ̀ abẹ́ àgbá

*Mo fín fánísì sára ère mi ní August, gbogbo rẹ̀ funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Ẹ tún sọ irú yẹ̀pẹ̀ tí mo lè fi ṣe ilẹ̀ wọn. (Òró)*

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló há sínú fánísì kó tó gbẹ. Ní àkókò òjò, ẹ má fín in láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn òjò; ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn ti mú, kí ẹ gbọn agolo fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Èyí tó ti funfun, ẹ fi fánísì dídán olómi kùn ún tínínrín, funfun yẹn sábà máa ń wọlẹ̀, kí ẹ tó wá fi èyí tí kì í dán pa á. Lásìkò ọyẹ́, òdìkejì ni: fánísì á ti gbẹ sójú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ère, á wá rí gbágungbàgun. Ẹ súnmọ́ ọn sí 15 cm nígbà náà, kí ẹ sì ti fèrèsé nítorí eruku.

Yẹ̀pẹ̀ pupa wa dára fún Ìlọrin 1897, kò dára fún Gettysburg, ti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tàbí Waterloo, ti ìgbà Bonaparte. Níbẹ̀, ẹ po erùpẹ̀ dúdú ẹ̀bá odò mọ́ ọn. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, nítorí horo 0.5 mm ti di òkúta 36 mm lẹ́sẹ̀ ère yín. Ẹ dín in gbẹ nínú páànù títí tí kò fi ní rú èéfín mọ́, kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ẹ tẹ́ gọ́ọ̀mù funfun sórí pákó, ẹ wọ́n ọn, ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Kó tó gbẹ, ẹ ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àgbá sẹ́yìn lórí rẹ̀ bí 15 mm kí ipa rẹ̀ lè hàn, ìyẹn ibi tó ta dé nígbà tó dún. Ẹ má lo ẹ̀kọ tàbí fùfú lẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìwé: aáyán á jẹ ẹ́ lóru, á sì jẹ pépà àpò nọ́ńbà 5 mọ́ ọn.